Ta Ni Ó Wà Nínú Fọ́tò Yìí?

(Ọ̀rọ̀ tí olùdarí ẹ̀ka ọ̀dọ́ bá ẹgbẹ́ sọ níbi ìpàdé)

Ẹ̀yin tí ẹ wà lórí WhatsApp tí ẹ kì í sọ̀rọ̀, ẹ̀yin gan-an ni mo wá bá.

Ẹ rántí pé àwa ọ̀dọ́ ti ń kó fọ́tò àtijọ́ jọ. Nígbà tá a bẹ̀rẹ̀, mo rò pé iṣẹ́ fóònù lásán ni: ẹ fi fọ́tò ránṣẹ́, a kọ orúkọ sí i, ó parí. Àṣé mò ń tan ara mi ni.

Fọ́tò kan wà nínú álíbọ́ọ̀mù ìyá ìyá mi ní Iléṣà. Ọmọbìnrin kékeré méjì jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, aṣọ kan náà, ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn kan náà, ọwọ́ lórí orúnkún. Gbogbo ilé ló mọ̀ pé Kẹ́hìndé ni Màmá, a sì mọ̀ pé Táyé ti kú tipẹ́. Mo kọ "Táyé àti Kẹ́hìndé" sábẹ́ rẹ̀, ó ku díẹ̀ kí n fi ránṣẹ́. Mo ní kí n kọ́kọ́ fi han Màmá. Wọ́n gbé fóònù sún mọ́ ojú, wọ́n dákẹ́. Wọ́n wá ní, "Èmi nìkan ni."

Mo ní, "Màmá, ṣebí ẹni méjì nìyí?"

Wọ́n ní, "Èmi nìyí, èmi náà nìyẹn. Táyé ti lọ kí n tó mọ ojú ẹ̀. Bàbá mi ló ní kí oníṣẹ́ fọ́tò ṣe é báyẹn, kó má baà jẹ́ pé èmi nìkan ni màá jókòó."

Mo tún fọ́tò yẹn wò. Lóòótọ́, ìlà tín-ín-rín kan gba àárín àwọn méjèèjì kọjá.

Kì í ṣe ilé wa nìkan o. Ní 1975, ará Amẹ́ríkà kan, Stephen Sprague, lọ bá àwọn fọtógíráfà ní Ìlá Ọ̀ràngún, nínú Ọ̀ṣun wa níbí. Ó kọ ohun tó rí sínú ìwé ìròyìn African Arts ní 1978. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú kí wọ́n tó yà wọ́n pọ̀, wọn á ya èyí tó kù, fọtógíráfà á sì tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì sórí bébà kan. Bí ìbejì bá jẹ́ akọ àti abo, èyí tó kù á wọ aṣọ ọkùnrin, wọn á yà á, á tún wọ aṣọ obìnrin, wọn á tún yà á. Iṣẹ́ tí ère ìbejì ń ṣe tẹ́lẹ̀ ni fọ́tò wá ń ṣe yẹn. (Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ máa ń rẹ́rìn-ín pé àwọn àgbà le ojú koko nínú fọ́tò, Sprague náà kọ ọ́ pé ìjókòó iyì ni. Ẹni tó mọ ara rẹ̀ ló ń jókòó báyẹn.)

Ẹ jẹ́ ká yà sí Òṣogbo. Ulli Beier, tí òun àti Dúró Ládiípọ̀ wà nídìí Mbari Mbayo ní 1962, ya fọ́tò lọ jàra nílẹ̀ wa. Lónìí, púpọ̀ nínú wọn wà ní Iwalewahaus, ní Bayreuth, nílẹ̀ Jámánì. Mi ò bá a jà, ó ṣáà tọ́jú wọn. Àmọ́ Dúró Ládiípọ̀ ò nílò ẹni tó máa dá a mọ̀. Ìyá tó gbé igbá kọjá lẹ́yìn ńkọ́? Ìyá kan ládùúgbò wa tó lè dá èèyàn bẹ́ẹ̀ mọ̀, ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn tí wọ́n sin ín la ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn pẹ̀lú fóònù wa.

Nítorí náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi fọ́tò ránṣẹ́ bí ẹ ṣe ń fi ti ìnáwó ránṣẹ́, WhatsApp máa ń bà á jẹ́. Ẹ fi ránṣẹ́ bíi document. Èyí tó bá ti lẹ̀ mọ́ gíláàsì, ẹ má ṣí i o, ẹ yà á bó ṣe wà. Pẹ́ńsù ni kí ẹ fi kọ̀wé sẹ́yìn, kì í ṣe báírò. Kí ẹ sì gba ohùn àgbà sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń wò ó. Ohùn yẹn ṣe pàtàkì ju fọ́tò lọ, lójú tèmi.

Ẹ tún béèrè bóyá wọ́n fẹ́ kí ayé rí i. Màmá ní mo lè sọ ìtàn Táyé, ṣùgbọ́n fọ́tò yẹn ò gbọ́dọ̀ dé orí gúrúùpù. Ìdí nìyẹn tí ẹ ò fi rí i níbí.

Èyí tí ẹ máa rí ni ti ọkùnrin kan tó di kẹ̀kẹ́ mú, ẹrù aṣọ wà lẹ́yìn kẹ̀kẹ́. Nínú àpótí kan ní Òṣogbo la ti rí i. Kò yà mí lẹ́nu: ọkọ̀ ojú irin dé Òṣogbo ní 1907, kò sì dé Iléṣà títí dòní, Òṣogbo sì làwọn òṣómàáló wa ti ń wọ̀ ọ́. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló wà lẹ́yìn fọ́tò náà: "Osomaalo". Kò sí orúkọ. Bàbá méjì ti dárúkọ ẹni méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún wa, àwọn méjèèjì sì ṣe tán láti búra. Ẹ wo etí rẹ̀, ẹ wo ilà ojú rẹ̀, ẹ fi han ẹni tó dàgbà jù nílé yín kó tó di Sátidé. Ta ni?