Bí Ejò Bá Yọ Sí Wa Nílé

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ mi, owó ilé Èkó ló lé ọ̀pọ̀ wa dé Mowé, Ìbafò àti Ifọ̀, níbi tí igbó ti bá ògiri pààlà. Eku ló ń fa ejò wọlé: ẹ ṣán igbó, ẹ kó pàǹtí. Ẹni tó ti iṣẹ́ alẹ́ dé, kó tan tọ́ọ̀ṣì.

Bí ejò bá yọ, ẹ má bá a jà. Ẹ kó ọmọdé sẹ́yìn. Bí sèbé bá tu oró sójú, ẹ fi omi púpọ̀ ṣàn án. Ẹni tí ejò bá bù ṣán, ẹ má sín in ní gbẹ́rẹ́, ẹ má fi okùn dì í. Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù kíákíá, kó má fẹsẹ̀ rìn.

Kí ẹ̀ka wa bèèrè lónìí: ọsibítù wo nítòsí ló ní abẹ́rẹ́ oró ejò? Ọjọ́ ogun kọ́ là ń wá ọfà.