Kí Katapílà Tó Dún: Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ìdílé tí omíyalé lé kúrò nílé sọ lẹ́yìn ìsìn

  Àwa ni ẹ̀ka ìrànwọ́ dáyósíìsì.

Ìbéèrè méjì là ń gbọ́ lójoojúmọ́. Àwọn àgbà ń bi wá pé: "Katapílà ti dé, ó wà létí odò, kí ló dé tí kò ṣiṣẹ́?" Àwọn ọ̀dọ́ ń bi wá pé: "Kí ló dé tí ẹ ò jẹ́ kí àwa ọmọ àdúgbò wà á, ká rí owó díẹ̀?" Ìdáhùn kan náà ló wà fún méjèèjì.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ jẹ́wọ́. Lọ́jọ́ tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lóṣù tó kọjá, ẹni tó ń wa katapílà sọ̀ kalẹ̀ lọ jẹun. Kò yọ kọ́kọ́rọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó máa ń bá a fọ ẹ̀rọ gun orí rẹ̀, ó tan án, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrẹ̀. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń gbé ọwọ́ katapílà sókè àti bí wọ́n ṣe ń gbé e sílẹ̀, torí ó ti ń wo ọ̀gá rẹ̀ tipẹ́. Ohun tí kò mọ̀ ni pé bí iwájú ẹ̀rọ náà bá ń yí sí ọ̀tún, ìdí rẹ̀ ń yí sí òsì. Ìdí ẹ̀rọ gbá ògiri kan ṣoṣo tó ṣẹ́ kù nínú ilé ìyá kan tí ọkọ wọn ti kú. Ògiri wó. Ọmọ kan ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nídìí ògiri yẹn ni.

Kò sẹ́ni tó fara pa. Ṣùgbọ́n àwa náà wà níbẹ̀. A rí ọmọkùnrin náà nígbà tó ń gun ẹ̀rọ, a ò sì sọ nǹkan kan, torí a fẹ́ kí iṣẹ́ yá. Ẹ̀bi wa ni. A ti bẹ ìyá náà, a ó sì tún ògiri wọn mọ. Ìdí nìyẹn tí a fi dá iṣẹ́ dúró fún ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ méjì. Omi ti gba dúkìá lọ́wọ́ wa. A ò gbọdọ̀ fi ọwọ́ ara wa fi ẹ̀mí kún un.

Irú katapílà tó wà létí odò yẹn wúwo tó tọ́ọ̀nù 20. Ẹ rò ó bí àpò sìmẹ́ńtì 400 tó ń rìn. Ẹni tó jókòó sínú rẹ̀ kì í rí ẹ̀yìn dáadáa, kì í rí ẹ̀gbẹ́ tí ọwọ́ ẹ̀rọ bò mọ́ ọn lójú, ariwo kì í sì í jẹ́ kó gbọ́ ẹni tó ń pè é. Kì í ṣe ìkà ló ń ṣe tó bá gbá èèyàn. Kò rí i ni.

Ilẹ̀ tiwa tún ní ewu tirẹ̀. Ẹ̀yin àgbà tó wà ní Ìbàdàn nígbà Ògùnpa ọdún 1980, àti gbogbo wa tí a rí ti oṣù Kẹjọ ọdún 2011, ẹ mọ̀ pé bí omi bá lọ tán, ilẹ̀ kì í tètè bọ̀ sípò. Ojú rẹ̀ á gbẹ, abẹ́ rẹ̀ á ṣì rọ̀. Katapílà lè rì sínú irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan, kó sì dojú dé. Etí odò tí omi ti jẹ abẹ́ rẹ̀ lè ya lulẹ̀ tòun tẹ̀rọ. Kànga àti ṣálángá tí ẹrẹ̀ bò kò hàn sí ẹnikẹ́ni.

Nítorí náà, ohun tí a ó máa kọ́ nìyí. Kí a tó tan ẹ̀rọ láàárọ̀, a ó rìn yí i ká: ṣé epo ń jò, ṣé ṣéènì ti dẹ̀, ṣé ọmọdé kan ò sùn sábẹ́ òjìji rẹ̀. Bí a bá ń gùn ún tàbí tí a ń sọ̀ kalẹ̀, a ó kọjú sí ẹ̀rọ, ọwọ́ méjì àti ẹsẹ̀ kan, tàbí ẹsẹ̀ méjì àti ọwọ́ kan, ni yóò máa wà lára rẹ̀. A kì í fò sílẹ̀. A ó de bẹ́líìtì. Bí ẹ̀rọ bá ń ṣubú, ẹni tó de bẹ́líìtì tó dúró sínú rẹ̀ ló sábà máa ń yè. Ẹni tó fò jáde ni ẹ̀rọ sábà máa ń tẹ̀ mọ́lẹ̀.

A ó wo òkè fún wáyà iná. Ọwọ́ ẹ̀rọ kò gbọdọ̀ sún mọ́ wáyà tó mítà 3, torí iná lè fò sára irin láìfara kàn án. Bí wáyà bá kan ẹ̀rọ, kí awakọ̀ dúró sínú rẹ̀ títí wọn yóò fi pa iná. Kí àwọn tó wà nílẹ̀ má sún mọ́ ọn rárá. Bí a bá ń gbẹ́ kòtò, yẹ̀pẹ̀ tí a kó jáde yóò jìnnà sí etí rẹ̀. Yẹ̀pẹ̀ tó kún ihò tó gùn ní mítà kan, tó fẹ̀ ní mítà kan, tó sì jìn ní mítà kan, wúwo ju àpò sìmẹ́ńtì 30 lọ. Bí ó bá ya lu èèyàn, èémí á pin kí a tó hú u jáde. Bí iṣẹ́ bá parí, bọ́kẹ́ẹ̀tì yóò wà nílẹ̀, ẹ̀rọ yóò kú, kọ́kọ́rọ́ yóò wà lápò.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa. Ọ̀sẹ̀ méjì kò sọ ẹnikẹ́ni di awakọ̀ katapílà. Ẹni tó ní ìwé ẹ̀rí, tí a sì ti wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ni yóò wa ti etí odò. Ẹ̀yin tí ẹ bá wọlé yóò kọ́kọ́ kọ́ ìfọwọ́júwe: ẹ ó dúró níbi tí awakọ̀ ti ń rí yín, ẹ ó máa fi ọwọ́ sọ fún un pé kó wá, kó yí, kó dúró. Iṣẹ́ gidi ni, a ó sì san owó rẹ̀. Lẹ́yìn náà, àwọn tó bá ṣe é dáadáa yóò jókòó sórí ẹ̀rọ lórí pápá gbalasa, olùkọ́ nítòsí, kò sí ilé, kò sí èèyàn. Ẹni tó bá ti pé ọdún 18 lè forúkọ sílẹ̀, ọkùnrin àti obìnrin. A ó yẹ ojú àti etí wò. Ẹni tó bá mutí wá, a ó dá a padà lọ́jọ́ yẹn.

Ẹ̀yin òbí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá wa bẹ̀bẹ̀ fún ọmọ tí kò tíì tó. A mọ̀ pé owó ń fẹ́ wọlé. Àmọ́ lọ́jọ́ tí ẹnì kan bá sì fẹ́ gba ọmọ yín síṣẹ́ irú èyí níbòmíràn, ẹ béèrè bóyá ó ń san owó fún NSITF lórí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Òfin ọdún 2010 lórí owó ìtọ́jú òṣìṣẹ́ tó fara pa lẹ́nu iṣẹ́ ló béèrè bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ kò ní wa ẹ̀rọ, ẹ̀kọ́ tiyín náà wà. Ẹ̀yin lẹ mọ ohun tí awakọ̀ kò mọ̀. Níbo ni kànga yín wà kí omi tó dé? Ibo ni ṣálángá, ibo ni páìpù gbà? Láti ọ̀la, a ó máa mú ìdílé kọ̀ọ̀kan lọ sí ilẹ̀ wọn, kí wọ́n fi hàn wá, a ó sì ri igi mọ́ ibẹ̀ pẹ̀lú aṣọ pupa. Igi yẹn lè gba ẹ̀mí là.

Bí iṣẹ́ bá bẹ̀rẹ̀, ẹ má kọjá okùn. Ẹ má sáré wọ ẹ̀yìn bọ́kẹ́ẹ̀tì lọ ṣa irin tàbí ìkòkò. Bí ẹ bá rí nǹkan yín nínú ẹrẹ̀, ìbáà ṣe fọ́tò òkú yín kan ṣoṣo, ẹ pe ẹni tó ń fọwọ́ júwe, a ó dá ẹ̀rọ dúró. Ẹnikẹ́ni, àní ọmọdé, ló lẹ́tọ̀ọ́ láti na ọwọ́ méjèèjì sókè pé kí ẹ̀rọ dúró. Awakọ̀ yóò dúró ná, ká tó béèrè ìdí. A kò ní bá ẹnikẹ́ni wí fún un. Ká ní ẹnì kan na ọwọ́ lóṣù tó kọjá ni, ògiri ìyá yẹn ì bá ṣì wà lórí ìdúró.

Nínú ìwé Deuteronomi, Ọlọ́run ní kí ẹni tó bá kọ́ ilé tuntun ṣe ìgbátí yí òrùlé rẹ̀ ká, kí ẹ̀jẹ̀ ẹni tó bá já bọ́ má baà wà lọ́rùn ilé náà. Ilé tuntun là ń lọ kọ́ yìí. Okùn, igi aláṣọ pupa àti ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ méjì ni ìgbátí tiwa.

A mọ̀ pé òjò kò ní dúró dè wá, ọ̀sẹ̀ méjì sì pẹ́ lójú ẹni tó ń sùn sórí sìmẹ́ńtì. Ṣùgbọ́n ohun tí a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Tábìlì ìforúkọsílẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn. Ẹ mú ọmọ yín wá, ẹ sì wá sọ fún wa ibi tí kànga yín wà. Ọlọ́run yóò dá gbogbo wa padà sílé láìku ẹnì kan. Àmín.