Kásẹ́ẹ̀tì Tó Wà Lókè Àjà

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ gbangba tó wáyé ní Ajue, Ìjọba Ìbílẹ̀ Odígbó, Ìpínlẹ̀ Oǹdó



Ọdún 1991 la sin bàbá tó bí ìyá mi. Kásẹ́ẹ̀tì VHS mẹ́ta ni ẹni tó ya fídíò lò. Nínú ọ̀kan, ìyá mi ń jó bọ̀ láàárín agbo, ó fọwọ́ di gèlè mú, ó ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí àwo VCD gbòde, mo kó wọn lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan pé kí wọ́n bá mi sọ wọ́n di VCD. Wọ́n ṣe é, wọ́n sì ní kí n má wulẹ̀ kó kásẹ́ẹ̀tì dání mọ́, kò wúlò. Mo gbà. Ìyá mi ti lọ báyìí. Bí mo bá fi VCD náà sí i, mò ń rí aṣọ, mò ń rí ijó, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti di igun mẹ́rin-mẹ́rin bí ìgbà tí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù tò ó.

Ohun tó fà á rèé. Ètò PAL ni tẹlifíṣọ̀n wa ń lò: ìlà 625 fún àwòrán kan, àwòrán 25 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìlà 576 ló sì gbé ohun tí ojú ń rí. Kámẹ́rà kì í ya àwọn ìlà yìí lẹ́ẹ̀kan náà. Á kọ́kọ́ mú ọ̀kan fi ọ̀kan sílẹ̀, á tún padà wá mú ìyókù. Nípa bẹ́ẹ̀, ìgbà 50 ló ń wo oníjó ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Òun ló mú kí ijó máa ṣàn. VHS, tí JVC gbé jáde ní Japan lọ́dún 1976, kì í fi àwòrán hàn kedere, àwọ̀ rẹ̀ a sì máa ṣàn jáde. Síbẹ̀ gbogbo ìlà yẹn wà lórí rẹ̀. VCD kò gbà ju 352 lọ́nà 288 lọ: ìdajì ìlà ti lọ, ìdajì ìṣíra ijó ti bá a lọ, wọ́n sì tún fún ìyókù pọ̀ di mẹ́gábíìtì 1.15 ní ìṣẹ́jú-àáyá. Kò sí kọ̀ǹpútà tó lè dá ojú ìyá mi padà láti inú ìyẹn. Ohun tó bá fi ojú hàn lẹ́yìn náà, kọ̀ǹpútà ló rò ó.

Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ gba kásẹ́ẹ̀tì yín sórí kọ̀ǹpútà, 720 lọ́nà 576 ni kí ẹ ní kí wọ́n gbà á, kí wọ́n fi ìlà rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà. Oríṣi fáìlì tí wọ́n ń pè ní DV, mẹ́gábíìtì 25 ní ìṣẹ́jú-àáyá, ń jẹ nǹkan bíi gígábáìtì 13 fún wákàtí kan, ó tó. Èyí tí èmi fẹ́ràn jù ni FFV1, tí kì í sọ ohunkóhun nù rárá, bó tilẹ̀ ń jẹ ààyè ju DV lọ dáadáa. H.264 kékeré, ti wíwò ni, ìyẹn ẹ̀dà tí ẹ máa fi ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ tó wà lókè òkun. Bí ẹ̀rọ tó ń ka kásẹ́ẹ̀tì bá ní ihò S-Video, ẹ lò ó; wáyà oníyẹ́lò a máa po àwọ̀ mọ́ ìmọ́lẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń fi fídíò yíyà jẹun, iná mànàmáná wa ń ṣẹ́jú ìgbà 100 ní ìṣẹ́jú-àáyá. Bí ẹ bá ń yà lábẹ́ iná, ẹ fi kámẹ́rà sí àwòrán 25, ṣọ́tà 1/50, àwòrán kò ní máa gbọ̀n. Ẹ sì má fi èyí tó ti gba WhatsApp kọjá ṣe ìpamọ́. Fáìlì inú káàdì gan-an ni ẹ tọ́jú, síbi méjì.

Ẹ̀yin àgbẹ̀ kòkó mọ̀ pé kòkó tí kò gbẹ tí a dì sápò yóò bu. Bẹ́ẹ̀ ni kásẹ́ẹ̀tì lábẹ́ òrùlé páànù, nínú ọ̀rinrin igbó wa. Èyí tó bá ti bu, ẹ má tì í bọ ẹ̀rọ. Á ba ẹ̀rọ jẹ́, á ba kásẹ́ẹ̀tì tó kàn jẹ́. Ẹ̀rọ náà sì ti ń tán: Funai, ilé-iṣẹ́ tó kẹ́yìn ṣe é, dáwọ́ dúró ní July 2016. Lọ́dún 2019, UNESCO kìlọ̀ pé nǹkan bí 2025 ni yóò ti ṣòro láti rí ẹ̀rọ tó lè ka téèpù.

Ẹ̀ẹ̀rùn yìí, ẹ bá mi gbé àpótí kásẹ́ẹ̀tì yín sọ̀kalẹ̀ láti òkè àjà. Ẹ kọ orúkọ ẹni tó wà nínú kásẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan sí ara rẹ̀, nígbà tí ẹni tó mọ̀ wọ́n ṣì wà láyé. Ẹnikẹ́ni tó bá sì bá yín gbà á sórí kọ̀ǹpútà, ẹ gba kásẹ́ẹ̀tì yín padà lọ́wọ́ rẹ̀.