Àwòrán Tí Iná Kò Lè Pa Rẹ́



Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí àti ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ tí ẹ pésẹ̀ síbí, n kò wá dá ẹjọ́ àwòrán yíyà lónìí. Àwọn àáfà ti sọ̀rọ̀ púpọ̀ lórí ìyẹn. Ìtàn àwòrán kan ni mo fẹ́ kí a fi yẹ ara wa wò, nípa bí a ti ń gba òtítọ́ àti bí a ti ń sọ ọ́.

Ní ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù kọkànlá ọdún 1954, Winston Churchill, olórí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pé ẹni 80 ọdún. Àwọn aṣòfin ilé méjèèjì ti dáwó jọ, wọ́n sì ti bẹ Graham Sutherland, ayàwòrán olókìkí, kí ó ya àwòrán rẹ̀ láti fi ta á lọ́rẹ. Èrò wọn ni pé lẹ́yìn ikú rẹ̀, a ó gbé e kọ́ sí ilé aṣòfin.

Sutherland kò pọ́n ọn rárá. Arúgbó tí ó jókòó, tí ó di apá àga mú, tí ó fajú ro, ni ó yà. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí lóòótọ́: ní ọdún 1953, àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọlù ú, àwọn tí ó yí i ká sì fi í pamọ́ fún ará ìlú.

Nígbà tí Churchill rí iṣẹ́ náà, inú bí i, díẹ̀ ni ó kù kí ó kọ̀ ọ́. Wọ́n pàrọwà fún un. Ó gbà á ní Westminster Hall, ṣùgbọ́n ó fi í ṣe ẹ̀fẹ̀ níbẹ̀, àwùjọ sì rẹ́rìn-ín. Wọ́n gbé e lọ sí ilé rẹ̀ ní Chartwell, wọn kò sì gbé e kọ́. Nígbà tí ó yá, Clementine, aya rẹ̀, mú kí a sun ún ní ìkọ̀kọ̀. Lẹ́yìn tí obìnrin náà kú ní ọdún 1977 ni ayé tó gbọ́.

Ẹ̀yin ará mi, ìfẹ́ ọkọ ni ó mú aya ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n iná kò dá ọjọ́ orí padà: kò pé oṣù márùn-ún lẹ́yìn ayẹyẹ náà tí Churchill fi ipò sílẹ̀, ní oṣù kẹrin ọdún 1955. Àwọn àwòrán kéékèèké tí Sutherland fi dánra wò sì wà títí dòní. Wọ́n ta ọ̀kan nínú wọn ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 2024 ní iye tí ó ju £600,000 lọ. Iná kò ṣeé bò mọ́ aṣọ. Òtítọ́ pàápàá kò ṣeé sun.

Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí a ṣe ẹ̀tọ́ fún bàbá náà. Ó nira kí a fi àárẹ̀ arúgbó hàn án níwájú gbogbo ayé, ní ọjọ́ ìdùnnú rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ sọ òtítọ́ fún àgbà, kí ó wá ìkọ̀kọ̀ àti àsìkò tí ó yẹ. Ẹni tí a bá sì sọ ọ́ fún, yálà olórí ìlú ni tàbí olórí ẹgbẹ́, kí ó má ṣe wá ìṣáná. Kí ó wo ojú ara rẹ̀ dáadáa, kí ó sì tún ohun tí ó ṣeé tún ṣe.

Kí Ọlọ́hun fún wa ní etí tí ń gbọ́ òtítọ́, àti ahọ́n tí ń sọ ọ́ pẹ̀lú àpọ́nlé. Wassalaam.