Ẹ Máa Wo Ìtọ̀ Ọmọ Yín

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé ẹgbẹ́ wa ní ìlú Ọ̀yọ́)

Èmi kì í ṣe dókítà, iṣẹ́ ìròyìn ni mò ń ṣe. Ṣùgbọ́n abiyamọ àti baba ọmọ ló pọ̀ jù nínú wa, àwọn mìíràn tiẹ̀ ti ní ọmọ-ọmọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú ọ̀rọ̀ kíndìnrín ọmọdé wá.

Kíndìnrín dà bí asẹ́. Ó ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀: ìdọ̀tí á bá ìtọ̀ jáde, ohun tó dára á kù sínú ara. Bí asẹ́ yìí bá lu, ohun tó dára náà á bẹ̀rẹ̀ sí í jò lọ, omi á sì máa dúró sára. Kì í sábà dun ọmọ níbẹ̀rẹ̀. Ojú rẹ̀ á kàn wú láàárọ̀, á sì lọ sílẹ̀ nírọ̀lẹ́. Aládùúgbò á ní, "Ọmọ yìí mà ń sanra o!" Inú ìyá á dùn. Bẹ́ẹ̀, omi ni! Ẹ tẹ ojúgun rẹ̀. Bí ibẹ̀ bá jin tí kò tètè dìde, ẹ gbé e lọ sílé-ìwòsàn. Ìtọ̀ tó ń hó bí ọṣẹ, tàbí tó dúdú bíi Coca-Cola lẹ́yìn ọ̀fun dídùn tàbí egbò ara, àmì ni. Ẹ má sọ pé ibà lásán ni.

Èyí tó burú jù ni kí ìtọ̀ dáwọ́ dúró. Ẹ rántí oògùn eyín tí wọ́n ń pè ní My Pikin. Láti ìparí 2008 sí ìbẹ̀rẹ̀ 2009, ó pa ọmọ tó lé ní 80 ní Nàìjíríà. Diethylene glycol, májèlé tó dùn lẹ́nu, ló wà nínú rẹ̀. Ó ba kíndìnrín jẹ́, àwọn ọmọ ò lè tọ̀ mọ́. Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ ní Ìbàdàn àti Jos ní 1990 nípasẹ̀ paracetamol olómi. Ní 2022, ó tún ṣẹlẹ̀ ní Gáḿbíà, ọmọ tó lé ní 60 ló kú. Ẹ̀yin ìyá, eyín híhù kì í ṣe àìsàn!

Nítorí náà, bí ọmọ ò bá tọ̀ láti àárọ̀ di alẹ́, ẹ má dúró de ọ̀la. Ẹ mú ìgò oògùn àti àgbo tó ti mu dání, kí dókítà lè mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀. Àyẹ̀wò ìtọ̀ ò le: pépà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni wọ́n ń tì bọ̀ ọ́, àwọ̀ tó bá yí sí ni wọ́n ń kà. Ògbómọ̀ṣọ́ ní ilé-ìwòsàn ńlá ti Bowen àti ti LAUTECH. Ọ̀yọ́ ní State Hospital, UCH Ìbàdàn ò sì jìnnà.

Kíndìnrín tó bá tètè rí ìtọ́jú lè padà ṣiṣẹ́. Èyí tó bá kú pátápátá, ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ tàbí ìpààrọ̀ kíndìnrín ló kù, ẹ sì mọ owó tí ìyẹn ń gbà.

Ọlọ́run á bá wa dá àwọn ọmọ wa sí.