Ìdàkọ Ìwé Ìjọba Àtijọ́: Ẹ̀kọ́ fún Awo, Ẹ̀kọ́ fún Ìlú

  

Àwa méjì tí a gbé ọ̀rọ̀ yìí kalẹ̀, ọmọ Ìfọ́n ni ọ̀kan, ọmọ Ìlobùú ni èkejì. A jọ ṣe olùrànlọ́wọ́ fún olùkọ́ yunifásítì kan tí ń ṣe ìwádìí ìtàn. Iṣẹ́ wa ni láti máa da ìwé ìjọba àtijọ́ kọ sínú kọ̀ǹpútà.

National Archives tó wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn ni a ti ṣe é. Kenneth Dike ló ṣaájò títí tí ìjọba fi dá ilé ìtọ́jú ìwé sílẹ̀ ní ọdún 1954, nítorí pé ìwé ń ṣòfò káàkiri ọ́fíìsì ìjọba. Ìròyìn àwọn ajẹ́lẹ̀ òyìnbó wà níbẹ̀, lẹ́tà wà níbẹ̀, ìwé ẹ̀bẹ̀ tí àwọn akọ̀wé-lẹ́tà bá ará ìlú kọ náà wà níbẹ̀. Lábẹ́ orúkọ Oshun Division ni a ti ń rí ti agbègbè wa. Ẹni tó ń dàkọ kì í tún ìwé onìwé ṣe. Bí wọ́n bá kọ Oshogbo, Oshogbo ni yóò kọ. Ibi tí ikán bá jẹ, yóò sọ pé ikán jẹ ẹ́. Kò gbọdọ̀ fi èrò ara rẹ̀ dí ihò náà. Bí ó bá parí, ẹnì kan á máa ka ìwé àtijọ́ sókè, ẹnì kejì á máa fojú bá ẹ̀dà lọ.

Ẹ̀yin awo ti mọ iṣẹ́ yìí kí a tó sọ ọ́. Bí ikin kan bá ṣẹ́kù lọ́wọ́, méjì ni ẹ ó tẹ sínú ìyẹ̀rosùn. Bí méjì bá ṣẹ́kù, ẹyọ kan ni. Ẹni tó bá tẹ ẹyọ kan níbi tí méjì yẹ, odù mìíràn ni yóò kì, ẹbọ mìíràn ni yóò sì yàn.

Bẹ́ẹ̀ náà ni àmì ohùn rí. Ọ̀pọ̀ ìwé tí a rí ni kò ní àmì lórí, tí kò sì ní àmì nísàlẹ̀. Bí a bá rí Ifon, a ó bi ara wa pé: ṣé ti Ọ̀ṣun ni, àbí èyí tó wà lápá Ọ̀wọ̀ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, tí Olúfọ́n náà ń jọba níbẹ̀? Orúkọ ìlú tó yí i ká nínú ìwé ló ń dá wa lóhùn.

Lọ́jọ́ kan, a kan ìwé ẹ̀bẹ̀ ìdílé kan, ní ìlú tí kì í ṣe tiwa. Wọ́n kọ “ile ogun” síbẹ̀. Ẹnì kan nínú wa kà á sí ilẹ̀ ogún, èyí tí bàbá fi sílẹ̀ fún ọmọ. Ẹnì kejì kà á sí ilẹ̀ ogun, èyí tí a jagun gbà. Nínú ẹjọ́ ilẹ̀, àmì kan yìí lè sọ onílé di àlejò. A jiyàn títí ọ̀sán fi pọ́n. Nígbẹ̀yìn, a kọ ọ́ bí a ṣe bá a, a sì kọ ọ̀nà méjèèjì tí a lè gbà kà á sí ìsàlẹ̀.

Nígbà tí a ròyìn rẹ̀ nílé, àgbà kan pe ẹnì kan nínú wa sẹ́yìnkùlé. Ó ní, “Ọmọ mi, bí ẹ bá kan ìwé tiwa, ìwọ náà ṣáà mọ ibi tí wàá fi àmì sí.” Ọmọ dọ̀bálẹ̀, ó ní, “Bàbá, ẹ má bínú. Ohun tí mo bá níbẹ̀ ni n ó kọ.” Bàbá kò bá a sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. A kò ní sọ ìlú tó ti ṣẹlẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n sọ nílé ẹnì kejì.

Ní ọdún 2025, ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kéde kónílé-ó-gbélé ní Ìfọ́n, Ìlobùú àti Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun nítorí ìjà ilẹ̀. Ẹ̀mí lọ, ilé jóná. Nínú irú ìjà bẹ́ẹ̀, ìwé àtijọ́ ni olúkúlùkù ń nà sókè. Ẹ̀dà tí a bá fi irọ́ kún di ọta ìbọn lọ́wọ́ ẹni tó gbà á gbọ́. Èyí kò sọ pé òótọ́ ni gbogbo ohun tí òyìnbó kọ. Ohun tí wọ́n sọ fún un ló kọ, ẹni tó sún mọ́ ọn jù ló sì sábà máa ń gbọ́ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n a kò lè yẹ irọ́ àtijọ́ wò bí a bá ti fi irọ́ tuntun bò ó mọ́lẹ̀.

Ẹ̀bẹ̀ wa rèé. Ẹni tó bá ní ìwé kóòtù, lẹ́tà tàbí rìsíìtì owó orí àwọn bàbá rẹ̀ nínú àpótí, kí ó gbé e jáde kí ikán tó débẹ̀. Kí ọmọ Ìfọ́n, ọmọ Ìlobùú àti ọmọ Ẹ̀rìn jókòó dà á kọ pọ̀. Kí ọ̀kan máa kà, kí àwọn yòókù máa fojú bá a lọ. Kí ẹ̀yin àgbà awo ṣe ẹlẹ́rìí wọn.

Kí Òrìṣà Olúfọ́n, aláṣọ funfun, má ṣe jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ta sí àlà wa mọ́. Àṣẹ.