Ojú Inú àti Orí Ẹni: Ọ̀rọ̀ Ọmọbìnrin Kétu Kan Tó Fẹ́ Di Òǹkọ̀wé

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé àwọn ọ̀dọ́ níbi ọdún ìbílẹ̀ wa)

Ìbà lọ́wọ́ àwọn tó ti sọ̀rọ̀ kí n tó dé. Bí ẹnu mi bá ṣì, ẹ bá mi tún un ṣe, ọmọ yín ni mí.

Àwọn tó ṣètò ọdún yìí ní kí ọ̀kan nínú àwa ọ̀dọ́ tó ń kọ ìtàn dìde, kó sọ ẹni tó jẹ́ àti ohun tó ń wá. Èmi ni wọ́n pè. Aránṣọ ni mí, etí ọjà ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Ní ọ̀sán mò ń rán aṣọ. Lálẹ́, nígbà tí ariwo ẹ̀rọ bá ti dákẹ́, mo máa ń kọ ìtàn. N kò tíì tẹ ìwé kankan jáde. Ìtàn mẹ́fà ni mo ti kọ parí, gbogbo wọn ní èdè Yorùbá wa, mo sì ń kọ èkeje lọ́wọ́. Nítorí náà, ẹ má tíì pè mí ní òǹkọ̀wé. Ẹni tó fẹ́ di òǹkọ̀wé ni kí ẹ pè mí.

Ohun méjì ló fà mí síbi iṣẹ́ yìí. Èkíní ni ojú inú, agbára tí ènìyàn fi ń rí ohun tí kò sí níwájú rẹ̀. Èkejì ni pé orí kálukú yàtọ̀, kò sí ẹni méjì tó rí ayé bákan náà. Mo mọ̀ pé àwọn kan ń kọminú. Wọ́n ní ìwà òyìnbó ni kí ọmọ jókòó lóun nìkan, kó máa ro tirẹ̀, kó máa kọ ohun tí ẹbí kò rán an. Mo fẹ́ fi sùúrù dáhùn, nítorí ìdáhùn náà wà nínú àṣà tí a ń tìtorí rẹ̀ péjọ.

Ẹ wo Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Nínú ọ̀kan lára àwọn ìtàn tí a ń sọ nípa bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀, ọmọ ọba méjì, ìbejì, ló ń du oyè Kétu. Ọ̀kan sá lọ sí Ìlobì. Nígbà tó gbọ́ pé èkejì fẹ́ wá ká òun mọ́lé, kò kó ogun jọ. Ó so ìkarahun ìgbín pọ̀, ó ṣe ohun kan bí ènìyàn, ó wọ̀ ọ́ láṣọ, ìró rẹ̀ sì lé àwọn tó ń bọ̀ sá. Ẹni tí kò ní ọmọ ogun fi ojú inú gba ara rẹ̀ là.

Ẹ wo agbẹ́gilére pẹ̀lú. Ojú ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ máa ń tutù bí ojú ìyá. Àmọ́ lókè orí ère, agbẹ́gilére ní àyè tirẹ̀. Ó lè gbẹ́ ejò àti ẹyẹ, ó lè gbẹ́ obìnrin tó ń kiri ọjà, ó lè gbẹ́ alùpùpù tàbí ọkọ̀ òfuurufú. Ẹnì kan ló kọ́kọ́ ro ti ọkọ̀ òfuurufú yẹn, kò jogún rẹ̀ lọ́wọ́ baba kankan. Ìlú sì gbà á.

Lóru Ẹ̀fẹ̀ ńkọ́? Akọrin jáde, ó júbà òrìṣà, ó júbà àwọn ìyá wa, ó júbà àwọn àgbà. Lẹ́yìn náà ló wá kọ orin tí òun fúnra rẹ̀ rò. Ó yin ẹni tó yẹ, ó fi olè ṣe yẹ̀yẹ́, ó bá aláṣẹ tó ṣìwà hù wí, kò sí ẹni tí yóò nà án. Ohùn ẹnì kan ni, gbogbo ọjà ló ń gbè é. Ìjúbà kò pa ohùn rẹ̀ mọ́ ọn lẹ́nu, òun ló ṣí ọ̀nà fún un. Ọ̀rọ̀ ẹnu Gẹ̀lẹ̀dẹ́ yìí ni UNESCO kéde ní ọdún 2001 pé ó jẹ́ ogún gbogbo ayé, ní orúkọ Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò. Ọ̀nà akọrin Ẹ̀fẹ̀ ni èmi náà fẹ́ tọ̀: kí n júbà, kí n tó sọ tèmi.

Iṣẹ́ ọwọ́ mi kọ́ mi ní nǹkan kan náà. Ẹgbẹ́ lè ra aṣọ kan ṣoṣo fún ọdún, ogójì obìnrin ni yóò wọ̀ ọ́. Síbẹ̀, ẹnì kọ̀ọ̀kan ni mo ní láti wọ̀n. Bí mo bá fi ìwọ̀n ìyá kan rán ti ẹlòmíràn, kò ní bá a mu, ẹgbẹ́ náà kò sì ní dùn ún wò.

Ní ọdún 1938, ìwé méjì jáde. D. O. Fágúnwà, olùkọ́, ọmọ Òkè-Igbó, tẹ Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmọlẹ̀ jáde ní èdè Yorùbá. Paul Hazoumé, olùkọ́ tí wọ́n bí ní Àjàṣẹ́ ní 1890, tẹ Doguicimi jáde ní èdè Faransé, ìtàn nípa ààfin Guézo, ọba Dàhómì. Olùkọ́ ni àwọn méjèèjì. Ohun tí àwọn àgbà fi sílẹ̀ ni ọ̀kọ̀ọ̀kan fi ṣe ìpìlẹ̀, ó sì fi ojú inú tirẹ̀ kọ́lé sórí rẹ̀.

Èmi náà, Faransé ni wọ́n fi kọ́ mi ní ilé-ìwé, mo sì dúpẹ́ pé mo gbọ́ ọ. Àmọ́ nínú àwọn ìtàn tí a kà níbẹ̀, Faransé ni ìyá aláta fi ń ná ọjà. Báwo ni mo ṣe fẹ́ kọ “ẹ kú ojú lọ́nà” ní Faransé kí ó ṣì gbóná lẹ́nu? Ìdí nìyẹn tí mo fi yan Yorùbá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ìtàn mi keje dá lé. Gbogbo wa mọ̀ pé ní 1886 ni ogun Dàhómì fọ́ Kétu, tí wọ́n kó àwọn ènìyàn wa lẹ́rú lọ. Lẹ́yìn tí Faransé ṣẹ́gun Dàhómì ni àwọn tó kù padà wá tún ìlú tẹ̀ dó. Ìwé ìtàn sọ ọdún náà, ó sọ orúkọ ọba. Kò sọ ohun tó wà lọ́wọ́ ọmọdébìnrin ọlọ́dún mẹ́fà nígbà tí wọ́n ń dà wọ́n lọ. Nínú ìtàn mi, ọmọ náà padà dé lẹ́yìn ọdún mẹ́jọ. Èdè Fọ̀n ló kù lẹ́nu rẹ̀. Ìyá rẹ̀ rí i lókèèrè, ó fi oríkì pè é. Ọmọ náà wo ẹ̀yìn láti mọ ẹni tí wọ́n ń pè.

Baba kan ní agboolé wa gbọ́ nípa ìtàn yìí, ó ní kí n fi í sílẹ̀, pé a kì í tú ohun tí àwọn baba dì. Mo bu ọlá fún ọ̀rọ̀ rẹ̀. N kò dárúkọ ìdílé kankan, n kò sì ní tú àṣírí ilé ẹnikẹ́ni. Ọmọ tí mo fi ojú inú dá ni. Àròsọ sì yàtọ̀ sí irọ́: nígbà tí ìyá àgbà bá ń pàlọ́, tí ìjàpá ń sọ̀rọ̀ bí ènìyàn, ta ló ń pe ìyá àgbà ní òpùrọ́? Mo ti ṣèlérí fún baba náà pé òun ni n ó kọ́kọ́ kà á fún kí ẹlòmíràn tó rí i. Títí di òní, kò tíì sọ pé bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Mo ń dúró dè é.

Ẹ̀bẹ̀ mi kò pọ̀. Ẹ̀yin àgbà, ẹ sọ ìtàn fún wa nígbà tí ẹ wà láyé. A óò béèrè kí a tó kọ. Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ bá jókòó sí kọ̀rọ̀ tó ń kọ nǹkan, ẹ má pè é ní ọ̀lẹ kí ẹ tó kà á. Ẹ̀yin aláṣẹ, ẹ fún àwọn ìwé Yorùbá ní pẹpẹ kan níbi tí àwọn ọmọ ti ń kàwé, kí ẹ sì jẹ́ kí ìdíje ìtàn kíkọ wà lára ọdún wa gẹ́gẹ́ bí ijó ṣe wà. Ẹ̀yin ará wa òkè ààlà, bí àwa bá kọ ɛ àti ɔ, tí ẹ̀yin kọ ẹ àti ọ, ẹ má jẹ́ kí ìyẹn dá wa dúró. Ohùn kan náà ni.

Ní tèmi, mo ṣèlérí pé n ó máa júbà, n kò sì ní fi ohùn ẹlòmíràn sọ̀rọ̀. Ọdún á yabo. Ẹ̀mí á ṣe púpọ̀ rẹ̀.